Ẹrù Àpọ̀jù Lójú Títì

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tí ń bọ̀ ní ọjọ́ ọjà Àjàrá. Àpò àgbàdo kún inú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa wà lórí àpò. Àgò adìẹ wà lórí kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ènìyàn sì jókòó lókè pátápátá. Awakọ̀ ní kò séwu, nítorí pé ọ̀nà kò jìn. Ṣé òótọ́ ni?

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ẹni tí ó ru ẹrù wúwo, tí ó ń sáré, kò lè dúró lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ rí. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yóò ṣì máa lọ. Bí ọmọ iléèwé bá ń sọdá níwájú, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ẹrù àpọ̀jù a máa mú kí táyà gbóná. Táyà tí ó gbóná jù lè bẹ́ lójú eré. Bí ẹrù bá sì ga jù, ọkọ̀ lè ṣubú níbi tí ọ̀nà ti kọ́rọ́. Ẹni tí ó jókòó lórí ẹrù kò rí nǹkan gidi dì mú. Òun ni yóò kọ́kọ́ já bọ́, ẹrù á sì wó lù ú.

Ẹrù àpọ̀jù ń ba ọ̀nà jẹ́ pẹ̀lú. Láti ọdún 1958 sí 1960, wọ́n ṣe ìdánwò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń wa ọkọ̀ tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra lórí ọ̀nà, léraléra. Wọ́n rí i pé bí ẹrù orí táyà bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ ọ̀nà lè tó ìlọ́po 16. Bí ọ̀nà bá ti di kòtò, owó ọkọ̀ yóò gòkè, tòmátì wa yóò sì jẹrà kí ó tó dé Kùtọnu.

Kí ni òfin wí?

Orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ UEMOA, àwọn orílẹ̀-èdè 8 tí ń ná owó Sẹ́fà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, ẹgbẹ́ náà ṣe òfin kan náà fún gbogbo wọn. Kódà, ọkọ̀ tí ó tóbi jù lọ kò gbọdọ̀ wọ̀n ju tọ́ọ̀nù 51 lọ, ti ọkọ̀ àti ti ẹrù papọ̀. Ọkọ̀ kékeré kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ilẹ̀ dé orí ẹrù kò sì gbọdọ̀ ga ju mítà 4 lọ.

Bí wọ́n bá wọn ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ lé, wọn yóò já èyí tí ó lé sílẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́ níbẹ̀, ìjọba kọ́ ni yóò san án. Owó ìtanràn tún wà. Fún ìrìn àjò inú orílẹ̀-èdè, ó jẹ́ 20,000 fáránkì lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ó lé. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ó jẹ́ 60,000 fáránkì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àpò àgbàdo 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílò 100, tọ́ọ̀nù 1 ni. Bí àpò 30 bá lé, tọ́ọ̀nù 3 ni. Ìtanràn rẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè jẹ́ 60,000 fáránkì. Bí ọkọ̀ náà bá ń lọ sí Tógò, ó di 180,000 fáránkì. Èrè wo ló kù?

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ mọ ìwọ̀n ẹrù yín kí ẹ tó dé ìdíkọ̀.
2. Bí awakọ̀ bá ní ọkọ̀ ti kún, ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi àpò kan sí i.
3. Ẹ má jókòó lórí ẹrù, ẹ má sì gbé ọmọ yín síbẹ̀.
4. Bí ẹ bá rí i pé táyà ti tẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ má wọ ọkọ̀ náà.
5. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì, tàbí kí ẹ̀yin àti aládùúgbò dá owó ọkọ̀ kejì.

Ohun gbogbo ní ìwọ̀n. Àpò tí ó kù sílẹ̀ lónìí yóò dé ọjà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí ó kú sójú ọ̀nà kò ní padà wálé mọ́.

Ẹ jíròrò: Ta ni ó ń jẹ̀bi jù nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù, awakọ̀ ni tàbí ẹlẹ́rù?