Iyán Láti Ìkẹ́rẹ́ Dé Èmùré

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ wọ gúúsù Èkìtì nítorí ọ̀fun rẹ̀ nìkan, tí kò lọ kí ẹbí, tí kò sì lọ ná ọjà, kò ṣẹ̀ rárá, nítorí àwọn àgbà ló ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Ìkẹ́rẹ́, ìlú Ògògà, tí òkè Olósùnta dúró tì bí ẹ̀ṣọ́, ni kí ó ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kí ó má wo àkọlé búkà. Ẹ̀yìnkùlé ni kí ó dẹtí sí. Níbi tí ọmọ odó méjì bá ti ń dún tẹ̀lé ara wọn, gbì-gbì, tí olóúnjẹ sì ń wọ́n omi gbígbóná sójú odó díẹ̀díẹ̀ títí kókó fi tán pátápátá, níbẹ̀ ni kí ó jókòó, kí ó sì bèèrè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a fi ẹ̀gúsí àti irú sè, pẹ̀lú ẹran òyà bí orí bá ṣe ọdẹ lóore.

Ní Ìsẹ̀, ìlú Arinjale, ọbẹ̀ ìgbín ni tèmi. Ìlú Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére nìyí, ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924.

Èmùré ni ti ẹmu, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni kí a mu ún, kó tó kan. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà iṣu tuntun ni àlejò dé, kí ó ní sùúrù: omi pọ̀ nínú rẹ̀, iyán rẹ̀ kì í sì í fà tó ti iṣu tó ti pẹ́ lábà.