Ọta Ìbọn Kì í Ṣe Ọjà Bòńkẹ́lẹ́

Bí ènìyàn bá dúró ní etí títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Badagry, láti Mile 2 títí dé Okokomaiko, kí ó sì máa ka iye àwọn ọmọkùnrin tí ń fi alùpùpù gbé ẹrù kọjá ní wákàtí kan péré, kíkà yóò sú u. Bàtà ni, aṣọ ni, oògùn ni, fóònù ọjà Alábà ni, oúnjẹ tí ó ṣì ń gbóná ni. Ẹni tí ó rà á kò kúrò nínú yàrá rẹ̀, ẹni tí ó tà á kò sì rí ojú rẹ̀ rárá. Owó ti ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn, ẹrù sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Ohun rere ni èyí, a kò sì ní bá a ṣọ̀tá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe ní Ọ̀jọ́ àti ní Ìba ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ rí oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a là fún olóore náà ni ọ̀daràn ń gbà. Àwọn kan ń polówó ìbọn àti ọta lórí ẹ̀rọ ayélujára bí ẹni ń polówó ẹ̀fọ́: wọn a gbé àwòrán síta, wọn a dá iye lé e, wọn a sì fi ìlérí kún un pé, “A ó gbé e dé ilé rẹ, ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀.” Lórí gbólóhùn yìí ni a fẹ́ bá àwọn ènìyàn wa sọ̀rọ̀ lónìí. Ìlérí méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀tàn sì ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe àlọ́ ní agbègbè yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2016, àwọn agbébọn wọ ààfin Ìba, wọ́n sì gbé Oníba, Ọba Yushau Goriola Oseni, gba ojú omi lọ. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́jọ́ náà. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Kábíyèsí tó gba ìtúsílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Bí a bá lè fi ìbọn gbé ọba kúrò nínú ààfin rẹ̀, ta ni nínú àwa mẹ̀kúnnù tí yóò wí pé ọta kò lè dé ilé òun?

Ìbọn tí ń ṣọṣẹ́ láàárín wa kì í hù nínú oko bí àgbàdo. Ẹnìkan ni ó ń gbé e wọlé. Ní oṣù Kínní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ kan dúró ní Mile 2, níbi tí àwa ará Ọ̀jọ́ ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ilẹ̀kùn irin àti àwọn ẹrù mìíràn ni wọ́n fi bo kọ̀nténà náà lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú u, àpótí 49 ni wọ́n bá, ìbọn 661 sì ni ó wà nínú wọn. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà tó parí, iye irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbà ní Èkó ti di 2,671. Ní ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, ní èbúté Onne ní Ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n bá ìbọn 844 àti ọta 112,500 nínú kọ̀nténà kan ṣoṣo tí ó ti ilẹ̀ Tọ́kì wá.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí iye ìkẹyìn yìí. Ìbọn kan lè wà lọ́wọ́ ènìyàn fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n bí ọta bá ti jáde, kò tún wúlò mọ́. Òmíràn ni a óò tún wá. Ọta ni oúnjẹ ìbọn. Ìbọn tí kò ní ọta, ọ̀pá irin lásán ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ta ọta ní ìkọ̀kọ̀ ni ó ń bọ́ gbogbo ìbọn tí ó ti wọ ìlú láìgbàṣẹ.

Kí ni òfin wí? Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, kí a tó gba òmìnira, kò fi ọ̀rọ̀ náà sínú òkùnkùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ọta ìbọn lọ́wọ́ bí kò bá ní ìwé àṣẹ fún irú ìbọn tí ọta náà jẹ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á bí kò ṣe oníṣòwò tí ìjọba ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kó o wọ̀lú láìgbàṣẹ. Ní ti ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fún ènìyàn ní àṣẹ. Ẹni tí a bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ lè fi ọdún mẹ́wàá jura nínú ẹ̀wọ̀n. Kò sí ibi kan nínú òfin náà tí ó wí pé ẹni tí ó bá rà á lórí ẹ̀rọ ni a óò dá sí.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣé bí ní Amẹ́ríkà wọ́n ń rà á bẹ́ẹ̀?” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn náà tán. Ní oṣù Kẹta ọdún 1963, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lee Harvey Oswald kọ̀wé sí ilé ìtajà kan ní Chicago, ó fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ sínú ìwé náà, wọ́n sì fi ìbọn ránṣẹ́ sí i gba ilé ìfìwéránṣẹ́, ní owó tí kò tó dọ́là 22. Ìbọn yẹn ni a fi pa Ààrẹ John Kennedy ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ní ọdún 1968, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de irú ọjà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ní ọdún 1986 wọ́n tún ṣí ọ̀nà fún ọta, ṣùgbọ́n títí di òní, ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba wọn kì í gbé e. Àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù tí ń gbé e sì ní ìlànà líle lórí rẹ̀. Ní California, àwọn ará ìlú dìbò ní ọdún 2016 pé ọta tí a bá rà láti ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ kọjá, wọ́n sì ti ń ṣẹjọ́ lórí òfin náà láti ìgbà yẹn. Bí ilẹ̀ tí ìwé òfin rẹ̀ fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn bá ṣì ń bèèrè pé, “Ta ni ó rà á, ta ni ó sì gbà á?”, àwa ńkọ́?

Nítorí náà, kí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Houston tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù má ṣe rò pé oore ni àwọn ń ṣe, bí wọ́n bá ki páálí ọta kan bọ abẹ́ aṣọ nínú àgbá ẹrù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Òfin ibi tí ẹrù ti ń bọ̀ yóò mú ẹni tí ó fi ránṣẹ́. Òfin ibi tí ó ń lọ yóò mú bàbá arúgbó tí orúkọ rẹ̀ wà lára àgbá náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìlérí méjì náà. Wọ́n ní, “A ó gbé e dé ilé rẹ.” Irọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Òwò tí òfin kò mọ̀ kì í ní ilé ẹjọ́. Bí gbájúẹ̀ bá gba owó rẹ tí ó sì pa fóònù rẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá wo ni ìwọ yóò lọ, kí ni ìwọ yóò sì wí pé o fẹ́ rà? Ẹni tí olè jà nínú oko olè, ẹnu rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹrù dé lóòótọ́, ta ni ó gbé e? Ọmọ ọlọ́mọ tí ó ra alùpùpù láti fi jẹun ni. Wọ́n wí fún un pé ohun èlò ẹ̀rọ ni ó wà nínú páálí náà. Bí wọ́n bá dá a dúró ní iwájú Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ọwọ́ rẹ̀ ni wọn óò ti bá ọta. Òun ni yóò máa ṣàlàyé, nígbà tí ẹni tí ó rán an ti sọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nù.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹ̀tù kì í mọ ẹni tí ó gbé e. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002, iná ràn mọ́ ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà. Ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tí ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí ń sá àsálà tí wọ́n ṣubú sínú omi ní Òkè-Àfà. Bí ohun tí àwọn ológun fúnra wọn ń ṣọ́ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ha yẹ kí a máa fi irú rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, sábẹ́ àga dánfó tí èrò kún fọ́fọ́?

Ìlérí kejì ni pé, “Ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀.” Èyí ni ó burú jù. Ẹni tí ó bá ra ọta lórí ẹ̀rọ ti fi orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, a ó tún ní kí ó fi àwòrán ojú rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè kún un. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé o ra ọta mọ̀ pé ìbọn wà nílé rẹ, tàbí pé o ń wá ọ̀kan. Ta ni ó ń wá ilé tí ìbọn wà lójú méjèèjì bí kò ṣe adigunjalè? Bí kò bá tilẹ̀ wá jà ọ́ lólè, ó lè máa dẹ́rù bà ọ́ lóṣooṣù pé, “Fi owó ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ń lọ bá ọlọ́pàá.” Ẹni tí ó ń wá ìpamọ́ ti tú ara rẹ̀ síta fún ẹni tí kò yẹ kí ó mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn onílé yóò wí. Wọn óò ní, “Olè kì í gba ìwé àṣẹ kí ó tó wá ká wa mọ́lé. Bí a bá sì lọ bèèrè tiwa, a ó máa lọ, a ó máa bọ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìṣẹ́ ọdẹ jẹ́ iṣẹ́ àwọn baba wa. Ẹni tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru nígbà tí àwa ń sùn kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn iwájú bá le, títún un ṣe ni ó yẹ, kì í ṣe kí a lu ògiri ẹ̀yìn. Ihò tí ọlọ́dẹ bá gbà wọlé ni olè náà yóò gbà.

Nítorí náà, a rọ Iléeṣẹ́ Ọlọ́pàá pé kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri gbogbo àgọ́ wọn, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sọ ẹni tí ìwé àṣẹ tọ́ sí, iye tí yóò san, àti iye ọjọ́ tí yóò fi dúró. A rọ àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù pé kí wọ́n máa ṣí páálí wò níwájú ẹni tí ó mú un wá, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ iṣẹ́ wọn tó gbé e. A rọ ẹgbẹ́ àwọn onílé àti àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní yunifásítì pé kí wọ́n má ṣe dijú sí ẹrù tí kò ní orúkọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ìjọba pẹ̀lú. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ ti ọdún 2023 sì wà fún ohun tí àwọn iléeṣẹ́ bá kọ sílẹ̀ nípa wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ ọta ìbọn bojú láti máa gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo ọ̀dọ́ tí ó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Okokomaiko. Àyẹ̀wò ẹrù ní èbúté yàtọ̀ sí títú àṣírí ọmọ ọlọ́mọ ní gbangba. Kọ̀nténà Mile 2 kò sí nínú fóònù ẹnikẹ́ni.

Àṣírí tí òfin mọ̀ yàtọ̀ sí ìkọ̀kọ̀ tí ọ̀daràn ń tà. Èkíní ni kí a jùmọ̀ dáàbò bò. Èkejì ni kí a kọ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni àwọn óò gbé e wá.