TA NI IṢẸ́ YÌÍ WÀ LỌ́WỌ́ RẸ̀? Bí Òfin Ìpìlẹ̀ Ṣe Pín Agbára ní Ọ̀rẹ̀ àti Odigbo

Ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ ìjọba kò kan obìnrin ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ná ọjà, tí ó ń wọ ọkọ̀, tí ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó sì ń sin òkú, báwo ni yóò ṣe sọ pé ìjọba kò kan òun? Ohun tí ó ń ṣe wá ni pé nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, a kì í mọ ẹni tí a ó lọ bá. Ààtàn kún ọjà, a bú Ààrẹ ní Àbújá. Títì márosẹ̀ já, a bú alága káńsù. Ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an jókòó jẹ́ẹ́, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Ọ̀rẹ̀, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Òndó, ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa.

Kí ni Òfin Ìpìlẹ̀?

Òfin Ìpìlẹ̀ ni òfin tí gbogbo òfin yòókù dúró lé lórí. Èyí tí a ń lò ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999. Abala kìíní rẹ̀ sọ pé òfin yòówù tí ó bá takò ó, asán ni. Abala 14 sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú ni agbára ìjọba ti wá, àti pé ààbò àti ìtọ́jú wọn ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Nítorí náà, ìránṣẹ́ ni Ààrẹ, ìránṣẹ́ ni gómìnà, ìránṣẹ́ sì ni alága káńsù. Àwa ni a rán wọn níṣẹ́, ìwé òfin sì ni ó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ìwé kan náà pín agbára sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn aṣòfin ń ṣe òfin, àwọn aláṣẹ ń mú un ṣẹ, àwọn adájọ́ ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìjà bá dé. Gómìnà Ìpínlẹ̀ Òndó kò gbọdọ̀ ná owó ìlú láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, ti àwọn ọmọ ilé 26, fi ọwọ́ sí i. Méjì nínú àwọn 26 náà ni Odigbo ń yàn.

Èyí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin kò dá ṣe ìjọba. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè kọ ọba tí ó bá ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Baṣọ̀run Gáà, olórí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, gba gbogbo agbára mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ń pa ọba lórí ọba, ìlú kò rójú títí wọ́n fi pa òun náà ní nǹkan bí ọdún 1774. Ẹni tí a fi ṣọ́ ọba pàápàá, ó yẹ kí a rí ẹni ṣọ́ ọ.

Ìjọba mẹ́ta ní ìlú kan

Ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n pàdé ní Ọ̀rẹ̀. Títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Benin, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ti ìjọba àpapọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá tí ó dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dà ilẹ̀ tí ó wà ní Agbabu, nínú Odigbo kan náà, ti ìjọba àpapọ̀ ni, nítorí Òfin Ìpìlẹ̀ fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba àti ilé ìwòsàn ńlá ìjọba tí ó wà nínú ìlú, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́ ni kí ẹ wò.

Ṣùgbọ́n ọjà ńkọ́? Gáréèjì ńkọ́? Òfin Ìpìlẹ̀ ní àkọsílẹ̀ kan ní ìparí rẹ̀ tí ó ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, kíkó ààtàn, itẹ́ òkú, òpópónà inú ìlú, ìwé ọmọ tí a bí àti ti ẹni tí ó kú, títí dé orí ìwé àṣẹ bárò àti ọmọlanke. Ó tún ní kí káńsù lọ́wọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: èwo nínú wọn ni kò kan obìnrin?

Owó àti ìbò káńsù

Abala 7 sọ pé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni kí ó máa ṣe àkóso ìjọba ìbílẹ̀. Orúkọ Odigbo wà nínú ìwé náà láàrin àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 18 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Kì í ṣe ẹ̀bùn gómìnà kankan. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àwọn gómìnà a máa tú káńsù ká, wọn a fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ síbẹ̀, owó káńsù a sì gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọjá. Ìpínlẹ̀ Òndó náà rí irú ìgbìmọ̀ fìdíhẹ bẹ́ẹ̀. Alága tí gómìnà fi síbẹ̀, ojú gómìnà ni yóò máa wò, kì í ṣe ojú ìyá tí ó ń san owó ìsọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, àwọn adájọ́ méje dá ẹjọ́ náà. Adájọ́ Emmanuel Agim ni ó ka ìdájọ́: gómìnà kò gbọdọ̀ mú owó ìjọba ìbílẹ̀ dání, kò gbọdọ̀ tú àwọn tí a dìbò yàn ká, káńsù tí a kò dìbò yàn kò sì yẹ kí ó rí owó náà gbà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n dìbò ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 náà, Odigbo pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ bí owó yóò ṣe máa dé ọwọ́ káńsù tààrà kò yanjú lọ́gán. Ní ọdún 2025 wọ́n ṣì ń jíròrò rẹ̀. Ìdájọ́ kì í rìn fúnra rẹ̀, àfi kí ará ìlú máa béèrè.

Ẹ̀tọ́ tí ó jẹ́ tìrẹ

Òfin Ìpìlẹ̀ tún ka ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá mú ọkọ tàbí ọmọ yín ní Ọ̀rẹ̀, abala 35 sọ pé láàrin wákàtí 24, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un sínú ìwé fún un, ní èdè tí ó gbọ́. Bí kóòtù bá wà láàrin kìlómítà 40, kí wọ́n gbé e dé ibẹ̀ láàrin ọjọ́ kan, bí ẹ̀sùn náà kò bá jẹ́ èyí tí a ń tìtorí rẹ̀ pa ènìyàn. Abala 38 fi ẹ̀sìn sílẹ̀ fún olúkúlùkù. Lórí abala yìí ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dúró ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí ó sọ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó. Kò sí ìjà nígboro tí ó lè fún wọn ní irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ̀ mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí òfin bá dákẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1966 ni àwọn ológun gba ìjọba, tí wọ́n pa apá púpọ̀ nínú Òfin Ìpìlẹ̀ tì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra ti dé Ọ̀rẹ̀, ìlú sì di ojú ogun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.”

Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1959, àwọn obìnrin ìhà tiwa dìbò, ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ni ó dìbò ní Àríwá. Ó di ọdún 1976 kí àwọn arábìnrin wa níbẹ̀ tó ní ẹ̀tọ́ yìí. Ohun tí ẹlòmíràn fi ọdún púpọ̀ dúró dè, ẹ má fi ṣeré.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ gba káàdì ìdìbò yín. Ẹ mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Nígbà tí ọ̀dá omi bá mú ọjà tàbí tí ààtàn bá dí ẹnu ọ̀nà gáréèjì, ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ sí káńsù ní ìrọ̀rùn, kí ẹ sì bi wọ́n pé: iṣẹ́ tí Òfin Ìpìlẹ̀ gbé lé yín lọ́wọ́, ibo ni ẹ bá a dé?