Ẹ̀rọ Ìgépákó Afọwọ́tẹ̀

Iṣẹ́ ọwọ́ kò ṣeé ṣe láìsí irinṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ni ó yẹ gbogbo iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọdé oníṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lè fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra irinṣẹ́ tí kò ní lè ṣe iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà yóò gbé fún un. Bí ó bá sì ti ná owó náà tán, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí wò, èyíinì ni ẹ̀rọ afọwọ́tẹ̀ tí a fi ń gé pákó ìtẹ́lẹ̀.

Pákó tí a ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a là lára igi ìrókò. Láminéètì ni àwọn tí ń tà á ń pè é. Ilé-iṣẹ́ Perstorp ní ilẹ̀ Sweden ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1977. A pò lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ àtè, a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ó fi le. Lẹ́yìn èyí ni a lẹ bébà tí ó ní àwòrán igi mọ́ ọn lórí, tí a sì fi ohun dídán bò ó. A pò lẹ́búlẹ́bú aluminium oxide mọ́ ohun dídán náà, kí bàtà má baà ha ilẹ̀. Bí a bá ń ka líle àwọn òkúta láti 1 dé 10, dáyámọ́ǹdì wà ní 10, aluminium oxide sì wà ní 9.

Ìdí nìyí tí eyín ayùn fi ń tètè kú lára pákó yìí. Bí a bá sì lo ayùn oníná, eruku a bo gbogbo iyàrá, eruku náà kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró; bí iná mànàmáná bá sì lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹ̀rọ afọwọ́tẹ̀ kì í rẹ́ pákó. Ńṣe ni ó ń gé e bí ẹni fi ọ̀bẹ gé iṣu. Abẹ kan ni ó ní, ọwọ́ irin gígùn ni a sì fi ń tẹ abẹ náà wọ inú pákó. Kò lo iná, kò pariwo, eruku rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ohun mẹ́rin ni ẹni tí yóò rà á gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Èkíní ni ìbú. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òmíràn kò lè gé ju íǹṣì 8 lọ, èyí tí í ṣe mìlímítà 203. Òmíràn a sì gé tó íǹṣì 13, èyíinì ni mìlímítà 330. Bí pákó bá fẹ̀ ní mìlímítà 190, èyí tí ó kéré lè gé e tààrà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gé pákó kan náà dagun ní dígírì 45, ojú ibi tí a ó gé yóò gùn tó mìlímítà 269, ẹ̀rọ kékeré kò sì ní lè gé e já. Ẹni tí yóò bá tẹ́ pákó ní ìdagun, kí ó ra èyí tí ó tóbi.

Èkejì ni nínípọn. Pákó yìí sábà máa ń nípọn láti mìlímítà 6 títí dé 12. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún mìlímítà 8 kò yẹ fún 12. Abẹ rẹ̀ lè bàjẹ́, pákó sì lè fọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ tí a ń tẹ̀. Bí ó bá ti gùn tó ni agbára tí a ó lò yóò ṣe dín kù tó. Bí ojú abẹ bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 jìnnà sí ibi tí a kan ọwọ́ náà mọ́, tí a sì dì í mú níbi ẹsẹ̀ bàtà 3, agbára tí yóò dé ara pákó yóò tó ìlọ́po 3 èyí tí a lò.

Ẹ̀kẹrin ni abẹ. Kí ó jẹ́ èyí tí a lè tú láti pọ́n tàbí láti pààrọ̀. Ẹ̀rọ tí a kò bá rí abẹ rẹ̀ rà mọ́ ti di irin lásán.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò lè la pákó ní òró, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè gé ibi kọ́rọ́ tí yóò yí òpó ìlẹ̀kùn ká. Ọ̀wọ́ pákó tí ó kẹ́yìn létí ògiri ni a sì sábà máa ń là ní òró. Nítorí náà, kí a ní ayùn ọwọ́ eléyín wẹ́wẹ́ pẹ̀lú. Bí etí ibi tí a gé bá ha díẹ̀, kò burú. A máa ń fi àlàfo tí ó tó mìlímítà 8 sí 10 sílẹ̀ létí ògiri, nítorí pé pákó náà a máa wú ní ìgbà ọ̀rinrin. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kàn mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri ni yóò bo àlàfo àti etí náà.

Abẹ tí ó gé pákó kò ní ṣàì gé ìka. Kí a mú ọwọ́ kejì jìnnà sí i, kí a má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí oníṣẹ́ wọn ìbú àti nínípọn pákó rẹ̀ kí ó tó lọ sí ọjà. Nígbà náà ni owó rẹ̀ kò ní ṣòfò, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì wu ẹni tí ó gbé e fún un.