Ẹni tó bá fẹ́ kun ọkọ̀ fáíbà nílé: iṣẹ́ abẹ́ ọ̀dà ló ṣòro ju ọ̀dà lọ

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lára ọkọ̀, ọ̀dà kíkùn ló máa ń rọrùn jù lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Ẹni náà yóò ra ọ̀dà àti tínà, yóò yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà, yóò sì rò pé kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n bí ara ọkọ̀ náà bá jẹ́ fáíbà, kò pẹ́ rárá tí ọ̀dà náà yóò fi máa ṣí bí èèpo ẹ̀gẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dà náà kò lẹ́bi. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò gbà á, nítorí fáíbà kì í ṣe irin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnikẹ́ni tó ní búgì, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí kò ní òrùlé, tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà tí kò dára. Ará Amẹ́ríkà kan, Bruce Meyers, tó ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ìpínlẹ̀ California, ló ṣe èyí tó sọ irú ọkọ̀ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1964. Fáíbà tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ló fi ṣe ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ Volkswagen tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìjàpá ló sì lò fún un. Ìjàpá yìí náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975. Ẹni tó bá ní ògbólógbòó kan nílé ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùrẹ́, tó sì fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ tí yóò máa gbé e lọ sí oko kòkó, lè rí ọ̀nà gbà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní búgì pàápàá lè ní bọ́ńpà, mádígáàdì tàbí iwájú ọkọ̀ akẹ́rù tó jẹ́ fáíbà. Ọ̀nà kan náà la ń gbà kun gbogbo wọn.

Kí ni fáíbà gan-an? Fọ́nrán gíláàsì wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn, tí wọ́n sì fi rísìnì lẹ̀ pọ̀ títí tó fi le. Ní iwájú, wọ́n máa ń fi ìpele rísìnì kan tó ń dán bò ó, kí fọ́nrán náà má bàa yọ síta. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáíbà ni tàbí rọ́bà lásán, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí fọ́nrán tó lọ́ mọ́ ara wọn, tí ẹ̀yìn náà sì rí ṣákiṣàki, fáíbà ni. Rọ́bà máa ń dán níwá lẹ́yìn, oògùn tí wọ́n fi ń mú kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ rọ́bà sì yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó ń ṣe fáíbà tó da rísìnì sínú àwòkọ́, wọ́n máa ń fi ìda pa inú àwòkọ́ náà, kí ohun tí wọ́n ṣe lè yọ wẹ́rẹ́. Ìda yìí máa ń bá fáíbà tuntun jáde, ojú lásán kò sì lè rí i. Bí ẹ bá ti gbé sáńpépà lé e kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ńṣe ni ẹ ń ti ìda náà wọ inú àwọn ojú tí sáńpépà là. Níbikíbi tó bá wà, ọ̀dà yóò sá kúrò níbẹ̀, yóò sì fi àmì róbótó-róbótó sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ti rẹ sínú oògùn tó ń yọ ìda àti gíríìsì nù ún. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ náà, nítorí aṣọ kan ṣoṣo yóò kàn máa gbé ìda láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni. Bí fáíbà náà bá jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á fún ọjọ́ mélòó kan kó tó di pé ẹ fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yìn èyí ni ẹ óò wá wá ibi tó sán. Ọkọ̀ tó bá ń gba ojú ọ̀nà olókùúta kọjá kò ní ṣàì ní ìlà tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn lára. Bí ẹ bá fi ọ̀dà bò ó, yóò tún yọ padà. Ẹ fi sáńpépà tàbí ìfágbo fá ojú ìlà náà títí ẹ óò fi dé ibi tí kò sán mọ́, ẹ lẹ fáíbà tuntun mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, kí ẹ tó fi pọ́tì dí iwájú. Fún kílógíráàmù kan rísìnì, gíráàmù 10 sí 20 kátálísì ló máa ń tó, èyí tí olùtajà bá sì kọ sára agolo ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí. Bí rísìnì náà bá ń lo àkísẹ́lérétọ̀, ìyẹn olómi elésè àlùkò, ẹ kò gbọdọ̀ da òun àti kátálísì pọ̀ tààrà láéláé, nítorí wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàmù. Inú rísìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ ro ọ̀kan pọ̀ mọ́ dáadáa, kí ẹ tó fi èkejì sí i. Kátálísì tó bá sì ta sí ojú lè fọ́ ojú náà. Ẹ wọ jígí tó bo ojú.

Sáńpépà nọ́ńbà 180 ni a fi ń tẹ́ pọ́tì, 320 sí 400 fún púráímà, 600 kí àwọ̀ tó kàn án. Ẹ má ṣe fi omi fá pọ́tì, nítorí ó máa ń mu omi, omi náà yóò sì pa dà wú lábẹ́ ọ̀dà. Púráímà la lè fi omi fá. Ẹ má ṣe fi iná jó ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára fáíbà, ẹ má sì ṣe lo oògùn tí wọ́n fi ń ká ọ̀dà lára irin, nítorí òun yóò jẹ rísìnì náà. Eruku fáíbà máa ń gún ara, ó sì ń wọ imú. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Bí ẹ bá parí, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan ara.

Bí ara ọkọ̀ bá ti jọ̀lọ̀, ọ̀dà kò ní wàhálà púpọ̀ mọ́. Ẹ fín púráímà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún ihò tó dà bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ dí i, ẹ tún fá a. Ẹ gbé ẹnu ẹ̀rọ náà jìnnà tó sẹ̀ńtímítà 15 sí 20, ẹ fín in tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárín ẹ̀ẹ̀kan sí èkejì. Ẹni tó bá fín in ní àpọ̀jù lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i kó máa ṣàn bí omijé.

Ohun tó lè gba ẹ̀mí ni hádínà. Ọ̀dà tó le jù, tó sì ń dán jù, ni èyí tí a ń pò mọ́ hádínà. Ṣùgbọ́n ohun olóró kan tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú hádínà náà. Bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè fa ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́, díẹ̀ péré tó bá tún fà símú lè dá a dùbúlẹ̀. Aṣọ tí wọ́n dì mọ́ imú kò lè dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ni ìbòmú tí a fi ń dí eruku. Èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ibòmíràn nípasẹ̀ rọ́bà ni àwọn onímọ̀ ń fẹ́. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀ nílé, kó lo ọ̀dà tí kò ní hádínà, kó sì fín in ní gbangba. Ẹ má ṣe gbà kí ọmọ dúró tì yín, kódà kó jẹ́ ọmọṣẹ́. Tínà náà tún máa ń gba iná láti òkèèrè. Kò gbọdọ̀ sí ààrò, sítóòfù tàbí sìgá nítòsí, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà.

Ojú ọjọ́ tiwa náà ní ohun tirẹ̀ láti sọ. Ní àkókò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè mú kí ọ̀dà funfun bí ẹni da eérú sí i. Ní àkókò ọyẹ́, eruku ń fò, tínà sì ń gbẹ kí ọ̀dà tó tẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí kò sí òjò, tí ìrì ti gbẹ, tí atẹ́gùn kò sì tí ì le, ló dára jù. Ẹ bu omi wọ́n ilẹ̀ kí eruku má bàa gbéra.

Àwọ̀ kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1938, gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, wọ́n sì fi àwọ̀ kùn wọ́n. Ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ dé ibi ìpàtẹ ní Wembley, nílùú London, ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí dòní. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ni iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ wà, abẹ́ oòrùn ni búgì ń gbé. Àwọ̀ dúdú máa ń gba ooru púpọ̀, ooru náà sì máa ń jẹ́ kí àpá fọ́nrán abẹ́ rẹ̀ hàn síta. Funfun, pupa rúsúrúsú tàbí àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ ló bá fáíbà mu jù.

Bí a bá wo gbogbo rẹ̀, fífọ̀, dídí àti fífá ló ń gba ọjọ́ jù, àwọn yìí ni ẹnikẹ́ni sì lè ṣe nílé láìná owó ńlá. Bó bá jẹ́ ọ̀dà oníhádínà ló wù yín, ẹ parí iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ wá gbé ọkọ̀ náà lọ fún kunmọ́tò tó ní irinṣẹ́ àti ìbòmú tó péye. Owó tí ẹ óò san fún un kò tó èyí tí ilé ìwòsàn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè mí dáadáa mọ́.