Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Fọ́tò yíyà ní Fìdítì

Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ̀dọ́ Fìdítì ní fọ́tò yíyà, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Ẹ kó wọn lọ sídìí àtẹ ọsàn láàárọ̀, kí oòrùn tó le. Fóònù ọwọ́ wọn ti tó. Ẹ ní kí wọ́n wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe mú apá kan ojú ìyá ọlọ́sàn. Tó bá di ọ̀sán gangan, òjìji á bo ẹyinjú, fọ́tò bàjẹ́ nìyẹn. (Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá o, kẹ́ ẹ sì ra ọsàn!)

Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe tuntun: lọ́dún 1989, ayàfọ́tò David Goldblatt dá ilé ẹ̀kọ́ fọ́tò kan, Market Photo Workshop, sílẹ̀ ní Johannesburg ní South Africa, fún àwọn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi irú ẹ̀kọ́ yìí dù.

Ní ti ẹ̀kọ́ Fìdítì yìí, ẹ má gbà ju akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lọ. Kẹ́ ẹ sì tẹ fọ́tò kan fún ìyá ọlọ́sàn.