Ìran Mẹ́ta Lábẹ́ Òrùlé Kan

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni eré ẹ̀fẹ̀ orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tó dá lórí ilé tí bàbá àgbà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ń gbé. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Èwo wá ni ọ̀rọ̀ tó kọjá ẹkún nínú ilé wa?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú àpẹẹrẹ wá láti ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré kan ní èdè Híńdì tí ń jẹ́ Khichdi. Orúkọ oúnjẹ tí a fi ìrẹsì àti irúfẹ́ ẹ̀wà sè pọ̀ ni. Àdàlù ni ìtumọ̀ rẹ̀ bí a bá fi ṣe àkàwé. Ilé ńlá àtijọ́ ni ìdílé Parekh ń gbé. Àwọn ọmọ fẹ́ tà á kí wọ́n lè jayé. Bàbá wọn, Tulsidas, kọ̀ jálẹ̀. Bí kò bá gbà, wọn yóò dúró de ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ìwà gọ̀ǹgọ̀ṣú àwọn ará ilé náà ni ó sọ ọ́ di ẹ̀rín.

Ọmọ Erínjẹ nílẹ̀ Ìkálẹ̀ kò ní béèrè ìtumọ̀ eré yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí a mọ ilé ẹbí. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, ọmọ kan kò lè dá ilé ẹbí tà. Bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí i, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ìdílé yòókù ṣe, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Owó ni ọmọ tó wà l'Ékòó ń rí. Ibojì bàbá rẹ̀ ni àgbà tó wà nílé ń rí. Òfin lè dá títà dúró, ṣùgbọ́n kò lè mú àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nílẹ̀ Nàìjíríà níbí, Amaka Igwe, tí ó di olóògbé ní 2014, ṣe Fuji House of Commotion. Inú Checkmate, eré tí a wò láti 1991 dé 1994, ni ó ti fa Olóyè Fuji yọ. Kúnlé Bámtẹ́fà ni ó ṣe olóyè náà, baálé tó ní ìyàwó púpọ̀ àti ọmọ rẹpẹtẹ. Ariwo rẹ̀ kún ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó paná ìjà gan-an ni ó tún ń koná mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá: ipò àgbà wà, agbára rẹ̀ ti dín kù.

Ohun kẹta ni èdè. Ní Ọ̀yọ́, "ẹ" ni ọmọdé fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ní Èkìtì, àṣà àtijọ́ gbà kí ọmọ fi ọ̀rọ̀ ẹni kan ṣoṣo bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí àfojúdi. Ìkúnlẹ̀ àti ohùn ni ọ̀wọ̀ wà. Nínú àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn, tí Ìkálẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, arọ́pò-orúkọ kan náà lè dúró fún "ẹ̀yin" àti "àwọn". Ìyá àgbà lè máa bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí, kí èyí tó dàgbà l'Ékòó rò pé àwọn tí kò sí nítòsí ni ó ń bá wí. Eré ẹ̀fẹ̀ odindi wà nínú èyí, kò sì sí ẹni tí ó jẹ̀bi.

Láti 2015 ni ìkànnì Zee World ti ń fi eré Íńdíà hàn wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílò ọmọ-ọmọ tí yóò túmọ̀ fún un. Ọmọ-ọmọ náà sì nílò ẹ̀ka-èdè ìyá rẹ̀ kó tó lè túmọ̀. Bí olúkúlùkù bá gbé fóònù tirẹ̀ wọ yàrá lọ, ìtumọ̀ dópin, èdè náà a sì pàdánù ibi tí à ń sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé wa kọ eré ẹ̀fẹ̀ ní Ìkálẹ̀, kí àwa òbí sì jọ jókòó wò ó pẹ̀lú ọmọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.